Ohun Tí Ahọ́n Mọ̀ Tí Ẹnu Kò Rí Pè: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Ìtọ́wò Ápù àti Ọtí Ápù

Ìlú kékeré kan wà ní ìpínlẹ̀ Iowa, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní Peru. Lẹ́bàá ìlú yìí ni àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Jesse Hiatt ń dáko ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Láàárín ọdún 1870 sí 1880, igi ápù kan ṣàdédé lalẹ̀ hù nínú oko rẹ̀, níbi tí kò gbìn ín sí, tí kò sì bá ìlà àwọn igi yòókù mu. Hiatt gé e. Igi náà tún rúwé. Ó tún gé e, igi ò gbà. Ó tún yọrí. Ìtàn sọ pé ìgbà yìí ni àgbẹ̀ náà yọ̀ǹda rẹ̀ pé kó máa dàgbà. Nígbà tó so, èso rẹ̀ gùn díẹ̀, ó ní ìlà pupa lára àwọ̀ ìyeyè, gọngọ márùn-ún wà nídìí rẹ̀, òórùn rẹ̀ sì ń ta sánsán. Hiatt sọ ọ́ ní Hawkeye.

Ní ọdún 1893, ilé-iṣẹ́ àwọn Stark, tí ń ta igi eléso ní ìlú Louisiana ní ìpínlẹ̀ Missouri, pe ìdíje èso. Hiatt fi ápù tirẹ̀ ránṣẹ́. Wọ́n gé e jẹ, ó wọ̀ wọ́n lákínyẹmí ara, wọ́n ra ẹ̀tọ́ rẹ̀, wọ́n sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí Delicious, ìyẹn Aládùn. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ yìí kan náà tún ra ápù oníyeyè kan láti Clay County ní West Virginia lọ́dún 1914, tí wọ́n pè é ní Golden Delicious, ni ti àkọ́kọ́ wá di Red Delicious: Aládùn Pupa.

Ohun tí ojú Aládùn Pupa rí lẹ́yìn náà ló fa ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí. Lára igi ápù, ẹ̀ka kan lè dá yàtọ̀ sí ìyókù, kí èso rẹ̀ pupa ju ti àwọn ẹ̀ka tó kù lọ, kó sì tètè pupa. Àwọn àgbẹ̀ a máa ṣọ́ irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀, wọn a gé e, wọn a sì lọ́ ọ sára igi mìíràn, nítorí ojú ni oníbàárà fi ń ra ápù. Láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, láti ọdún dé ọdún, ápù Hiatt pupa títí ó fi dà bí ohun tí wọ́n kùn lọ́dà. Èèpo rẹ̀ nípọn, ó sì ń korò. Inú rẹ̀ di fúrúfúrú, omi rẹ̀ dín kù, òórùn tó ń ta sánsán yẹn sì rá. Síbẹ̀, ó ju àádọ́ta ọdún lọ tó fi jẹ́ pé òun ni wọ́n ń gbìn jù ní Amẹ́ríkà. Ọdún 2018 ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò ápù ilẹ̀ náà tó kéde pé Gala ti gba ipò rẹ̀. Ní gbogbo àkókò tí adùn rẹ̀ fi ń lọ, orúkọ rẹ̀ kò yí padà. Aládùn ni wọ́n ṣì ń kọ sí i lára.

Ọjà kò ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ ohun tó ń sọnù, kò sì rẹ́ni bá a sọ ọ́. Àwọn tó ń ṣòwò ápù mọ bí a ṣe ń díwọ̀n pupa, wọ́n mọ bí a ṣe ń díwọ̀n títóbi, ṣùgbọ́n nígbà tó bá kan ti ẹnu, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni: ó dùn. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àpèjúwe adùn kì í fi í ṣe fáàrí àwọn tí ọwọ́ wọn dilẹ̀. Iṣẹ́ ni, bí wíwọn ilẹ̀ àti kíka owó ṣe jẹ́ iṣẹ́. Ibi tí wọn kò bá ti ṣe é, adùn á ti ibẹ̀ rìn lọ láìsí ẹni tó pariwo.

Kí èèyàn tó lè mọ ohun tó gbé dání, ó yẹ kó mọ ìdí tí ápù fi pọ̀ ní oríṣiríṣi. Bí èèyàn bá gbin kóró márùn-ún tó wà nínú ápù kan ṣoṣo, igi márùn-ún tó máa hù kò ní jọ ìyá wọn, wọn kò sì ní jọ ara wọn. Ọ̀kan lè dùn, ọ̀kan lè kan, èyí tó pọ̀ jù lára wọn á sì wulẹ̀ korò tàbí kó jẹ́ kéékèèké tí kò wúlò. Ibi tí ìyàtọ̀ yìí ti pọ̀ jù lágbàáyé ni òkè Tian Shan ní Kazakhstan, níbi tí ápù ìgbẹ́ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Malus sieversii ti ń di igbó fúnra rẹ̀. Ìlú tó wà nísàlẹ̀ òkè náà ni Almaty, orúkọ tó tan mọ́ ápù nínú èdè wọn. Nikolai Vavilov, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, débẹ̀ lọ́dún 1929, ó sì rí i pé ibẹ̀ ni ìdílé ápù ti ṣẹ̀. Ọkùnrin tó fi ayé rẹ̀ kó irúgbìn oúnjẹ jọ yìí kú sẹ́wọ̀n ní Saratov lọ́dún 1943.

Nítorí pé kóró kì í bí irú ìyá rẹ̀, ọ̀nà kan ló wà láti pa ápù tó dáa mọ́: kí wọ́n gé ẹ̀ka rẹ̀, kí wọ́n lọ́ ọ sára kùkùté mìíràn. Àwọn tó bá ka ìwé Róòmù nínú Bíbélì Yorùbá mọ ọ̀rọ̀ yìí, níbi tí wọ́n ti lọ́ igi igbó sára igi ólífì. Ẹ̀yà ápù kọ̀ọ̀kan, bó ti wù kó pọ̀ tó láyé, igi kan ṣoṣo ni, tí wọ́n ń gé kiri. Gbogbo Bramley tí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ń sè jẹ wá láti ara kóró tí ọmọbìnrin kan, Mary Ann Brailsford, gbìn ní ìlú Southwell lọ́dún 1809. Nígbà tó yá, alápatà kan tó ń jẹ́ Matthew Bramley ra ilé náà. Lọ́dún 1856, Henry Merryweather tó ń ta igi eléso wá tọrọ ẹ̀ka, alápatà sì gbà, pẹ̀lú àdéhùn pé orúkọ òun ni wọn yóò fi pe ápù náà. Ọmọ tó gbin kóró kò rí orúkọ jẹ níbẹ̀, ó sì dunni. Ti Maria Ann Smith sàn díẹ̀: igi tó hù lóko rẹ̀ nítòsí Sydney ní Ọsirélíà ní nǹkan bí ọdún 1868 ń jẹ́ Granny Smith títí dòní, ìyẹn Ìyá Àgbà Smith.

Báwo ni wọ́n ṣe wá ń tọ́ ọ wò?

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ápù má tutù nini. Otútù fíríìjì a máa pa òórùn mọ́ inú ẹran ara èso, ẹni tó ń jẹ ẹ́ á kàn gbọ́ omi àti ṣúgà. Kó jókòó lórí tábìlì fún wákàtí díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n gé e, kí wọ́n sì gbọ́ ọ. Gbígbọ́ níbí kì í ṣe àṣìsọ. Nínú èdè Yorùbá, etí a máa gbọ́ ìró, imú náà a sì máa gbọ́ òórùn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ méjèèjì. Ápù sì ni èso tí méjèèjì ti pàdé ara wọn jù.

Ìró ló ń ṣáájú. Ápù tó bá ṣì le a máa dún kàù lábẹ́ eyín. Èyí tó bá ti pẹ́ á rọ̀ múlọ́múlọ́ láìdún rárá. Láàárín kàù àti múlọ́múlọ́, ọ̀pọ̀ ìpele ló wà, èdè Yorùbá sì ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ fún wọn. Ní yunifásítì ìpínlẹ̀ Minnesota, wọ́n mú ápù kan jáde lọ́dún 1991 tí wọ́n pè ní Honeycrisp. Igi rẹ̀ ti wà lára àwọn tí wọ́n ti sàmì sí fún jíjù nù kí David Bedford tó fún un láyè kan sí i. Àṣírí rẹ̀ ni pé yàrá kéékèèké tí omi ń gbé nínú ẹran ara rẹ̀ tóbi ju ti àwọn ápù mìíràn lọ. Bí eyín bá kàn án, àwọn yàrá náà kì í yọ̀ kúrò lára wọn, ńṣe ni wọ́n ń bẹ́, tí omi á sì tú yàà kún ẹnu. Àwọn èèyàn san owó gọbọi lórí ápù yìí. Ìró ni wọ́n ń ra.

Lẹ́yìn ìró ni kíkan. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti pọ̀, ó sì yẹ kéèyàn fara balẹ̀, nítorí pé kíkan kì í ṣe ọ̀kan. Kíkan ọsàn wẹ́wẹ́ a máa gún ahọ́n bí abẹ́rẹ́, kíá ló sì ń lọ. Ásíìdì inú rẹ̀ ni sítíríìkì. Ti àjàgbọn le, ó gbẹ, ó sì ń mú kí eyín ro ni. Tàtáríìkì ni tirẹ̀. Kíkan ògì tó ti ṣe ọjọ́ mẹ́ta rọra ń fẹ̀ ni, ó ní ara, kò sì ní gúngún. Láktíìkì ló ń fà á. Kíkan ẹmu tí wọ́n gbàgbé sínú agbè a máa wọ imú kó tó dé ahọ́n. Asẹ́tíìkì nìyẹn, òun náà ló wà nínú fínígà. Ti ápù ni màlíìkì, tí Carl Scheele, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Sweden, yọ jáde láti inú omi ápù lọ́dún 1785. Orúkọ rẹ̀ pàápàá ti inú ọ̀rọ̀ Látìn fún ápù wá. Kì í gún ni bíi ti ọsàn wẹ́wẹ́. Ó ń wọlé jẹ́jẹ́, ó sì ń pẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahọ́n. Ẹni tó bá mọ kíkan márààrún yìí níyà sí ara wọn, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ ásíìdì kankan, ti ṣe ìdajì iṣẹ́ olùtọ́wò. Ó sì dájú pé kò sí ọmọ tí wọ́n tọ́ dàgbà nídìí ìkòkò ògì tí kò mọ ó kéré tán mẹ́ta nínú wọn.

Adùn ṣúgà rọrùn láti mọ̀, kò yẹ kó gba àkókò. Ohun tó yẹ kéèyàn wò ni bí òun àti kíkan ṣe ń bára wọn gbé. Ápù tó dùn láìkan a máa tètè sú ni. Granny Smith kan ju bó ṣe dùn lọ. Gala dùn, kò sì fi bẹ́ẹ̀ kan. Cox's Orange Pippin, tí Richard Cox, ẹni tó ti ń pọn ọtí bíà kó tó fẹ̀yìn tì, gbìn ní Colnbrook nítòsí London ní nǹkan bí ọdún 1825, ni ọ̀pọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì gbà pé ó mú àwọn méjèèjì dọ́gba jù. Àmì kan tún wà lára rẹ̀: bó bá ti pọ́n dáadáa, kóró inú rẹ̀ a máa dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ bí wọ́n bá mì ín sí etí.

Òórùn ló kù, òun ló sì ṣòro jù láti pè lórúkọ. Bí ọ̀fìnkìn bá mú èèyàn, ọbẹ̀ tó dára jù kì í ní ìtumọ̀ lẹ́nu rẹ̀, nítorí pé imú ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tí a kà sí ahọ́n lọ́rùn. Kí olùtọ́wò fún imú rẹ̀ pọ̀, kó jẹ ápù lẹ́ẹ̀mẹta, kó wá tú imú sílẹ̀ lójijì. Ohun tó ya wọlé nígbà yẹn ni òórùn tó ń gba ẹ̀yìn ọ̀fun lọ sí imú. Nínú ápù tí kò tíì gbó, òórùn koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ló máa ń jẹ́. Bó bá ń pọ́n, òórùn èso á bẹ̀rẹ̀: nínú àwọn kan, ó jọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n, nínú àwọn mìíràn, oyin, tàbí òdòdó. Egremont Russet, tí èèpo rẹ̀ rí ṣákiṣàki bí èèpo ọ̀dùnkún, ní adùn tó sún mọ́ ti ẹ̀pà. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n á kọjá lára rẹ̀ lọ́jà nítorí àwọ̀ rẹ̀, ó sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ápù tó dára jù tí ẹnu lè bá pàdé.

Ìgbà náà ṣe kókó. Ashmead's Kernel, ápù àtayébáyé kan láti Gloucester, a máa kan bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ká a nígbà ìkórè, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀ títí di Kérésìmesì, á ní adùn tí kò ṣeé rò mọ́ ọn tẹ́lẹ̀. Edward Bunyard, oníṣòwò igi eléso ní Kent, gbé ìwé kan jáde lọ́dún 1929, The Anatomy of Dessert, níbi tó ti sọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n jẹ èso kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka àlejò sílé. Ṣáájú rẹ̀, láàárín 1876 sí 1885, ẹgbẹ́ àwọn olùfẹ́ ẹ̀dá inú oko ní Herefordshire, ìyẹn Woolhope, ti tẹ ìwé ńlá kan jáde tí obìnrin méjì, Alice Ellis àti Edith Bull, ya àwòrán ápù sí, tí wọ́n sì fi àpèjúwe adùn ápù kọ̀ọ̀kan kún un. Lónìí, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń tọ́jú ẹ̀yà ápù tó ju 2,000 lọ sí oko kan ní Brogdale, ní Kent yẹn kan náà. Àpèjúwe tí àwọn ará ẹgbẹ́ Woolhope kọ wà lára ohun tí wọ́n fi ń dá àwọn igi tó ti sọ orúkọ nù mọ̀.

Ápù tó wà lórí àwo àwọn tó ń tà á létí títì l'Ékòó kò láǹfààní ìgbà bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ti South Africa wá, láti àwọn oko bíi ti Elgin àti Ceres, nínú ọkọ̀ ojú omi onítútù. Franklin Kidd àti Cyril West ló ṣàwárí ní Cambridge, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, pé bí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn bá kéré nínú yàrá tí wọ́n kó ápù sí, ápù náà á máa rọra mí, kò sì ní tètè gbó. Ọpẹ́lọpẹ́ wọn ni aráyé fi ń jẹ ápù lóṣooṣù. Àmọ́ ìrọra-mí yìí ń gba nǹkan kan lọ́wọ́ èso. Líle rẹ̀ á wà, ṣúgà rẹ̀ á wà, òórùn rẹ̀ á sì dín. Bí ẹnì kan l'Ékòó bá ní òun kò rí ohun tí àwọn èèyàn ń rí lára ápù, ẹjọ́ rẹ̀ tọ́: apá kan ápù náà kò bá ọkọ̀ dé.

Ọtí ápù ló kù, ìyẹn sáídà. Ní Amẹ́ríkà, bí èèyàn bá béèrè sáídà lásán, omi ápù tí kò ní ọtí nínú ni wọ́n sábà máa ń gbé fún un. Èyí tó ti di ọtí ni wọ́n ń pè ní sáídà líle. Ní Bìrìtìkó, sáídà ti jẹ́ ọtí látìbẹ̀rẹ̀. Òfin ibẹ̀ sọ pé kí omi ápù nínú rẹ̀ má dín ní ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún, kí agbára ọtí rẹ̀ má sì tó ìdá 8.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdá 35 yìí kéré jọjọ. Ẹni tó bá mu èyí tó jẹ́ pé omi àti ṣúgà ló kún ìyókù rẹ̀, tó sì sọ pé òun ti mọ sáídà, dà bí ẹni tó mu ẹmu tí wọ́n ti bomi là.

Ọ̀pọ̀ ápù tí wọ́n fi ń ṣe sáídà gidi kò ṣeé jẹ. Àwọn ará Somerset àti Herefordshire ní àwọn tó jẹ́ pé bí èèyàn bá gé e lẹ́ẹ̀kan, ẹnu á fà, ètè á gbẹ, ahọ́n á sì há bí ìgbà tó jẹ kajú tí kò pọ́n. Ohun tó ń ṣe èyí ni tánìnì. Ó ń dì mọ́ àwọn èròjà tó ń mú itọ́ yọ̀ nínú ẹnu, ni ahọ́n kò bá rí ohun yọ̀ lé lórí mọ́. Kì í ṣe kíkorò nìkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé méjèèjì sábà máa ń rìn pọ̀: ewúro korò, kì í fi bẹ́ẹ̀ fa ẹnu, kajú ń fa ẹnu, kò sì korò tó ewúro, obì ń ṣe méjèèjì. Nínú ọtí, tánìnì yìí ló ń fún un ní egungun. Láìsí rẹ̀, sáídà á rí rẹ̀dẹ̀rẹ̀dẹ̀ lẹ́nu.

Ní 1903, wọ́n dá ilé ìwádìí kan sílẹ̀ ní Long Ashton, nítòsí Bristol, láti ran àwọn apọntí ápù lọ́wọ́. Ọ̀gá ibẹ̀, B. T. P. Barker, rí i pé àwọn àgbẹ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún orúkọ fún ápù wọn, wọn kò sì ní ọ̀nà tí ẹnì kan yóò fi sọ fún ẹlòmíràn irú èyí tó fẹ́ rà. Ó wá pín wọn sí agbo mẹ́rin pẹ̀lú ìwọ̀n méjì péré: ásíìdì, àti tánìnì. Èyí tí ásíìdì rẹ̀ kò tó ìdá 0.45 nínú ọgọ́rùn-ún, tí tánìnì rẹ̀ kò sì tó 0.2, ni olódùn, bíi Sweet Coppin. Èyí tí ásíìdì rẹ̀ kọjá ìwọ̀n yẹn tí tánìnì rẹ̀ kò sì tó ni oníkíkan, bíi Brown's Apple. Bí tánìnì bá pọ̀ tí ásíìdì kò sì tó, dùn-korò nìyẹn: Dabinett wà níbẹ̀, Yarlington Mill náà wà níbẹ̀. Bí méjèèjì bá pọ̀, kan-korò ni. Nínú agbo ìkẹyìn yìí ni Foxwhelp wà, ápù àtijọ́ tó le bí ọ̀rọ̀ àna, àti Kingston Black, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn díẹ̀ tí apọntí lè fi òun nìkan ṣe ọtí láìpò ó mọ́ òmíràn.

Agbo mẹ́rin, ìwọ̀n méjì. Ìpín yìí ṣì wà lẹ́nu gbogbo apọntí sáídà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé, nígbà tí ilé ìwádìí náà fúnra rẹ̀ ti kógbá sílé lọ́dún 2003. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, inú ilé yìí kan náà ni Vernon Charley ti ń ṣe ìwádìí lórí omi èso lẹ́yìn ọdún 1930, iṣẹ́ tó bí Ribena, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà lọ́dún 1938. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó gbé Ribena dání lọ síléèwé kò mọ̀ pé ilé tí wọ́n kọ́ nítorí ọtí ápù ló bí i.

Lọ́dún 1975, òṣìṣẹ́ Long Ashton kan, A. A. Williams, gbé iṣẹ́ kan jáde lórí ọ̀rọ̀ tí àwọn olùtọ́wò lè jọ máa lò fún òórùn sáídà. Kò tó kí ẹnì kan sọ pé ọtí ń rùn. Rírùn wo? Bó bá ń rùn bí ohun tí wọ́n fi ń kun èékánná, afẹ́fẹ́ ti bá a, fínígà ló ń bọ̀ lọ́nà. Bó bá ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, ìwúkàrà inú rẹ̀ ló ń jìyà, ó sì lè lọ fúnra rẹ̀. Bó bá ní òórùn èéfín, kànáfùrù àti ilé ẹṣin, bakitéríà tó ń sọ kíkan màlíìkì di kíkan láktíìkì ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ìyẹn ni pé kíkan ápù ti ń di kíkan ògì. Ọ̀pọ̀ ará Somerset á ní kò sí sáídà tó jẹ́ sáídà láìsí díẹ̀ nínú òórùn yìí. Èyí tó yani lẹ́nu jù ni òórùn eku. Imú kì í gbọ́ ọ rárá nínú kọ́ọ̀bù, torí pé kíkan ọtí dè é mọ́lẹ̀. Ìgbà tí èèyàn bá gbé e mì, tí itọ́ sì dín kíkan náà kù, ló máa tó yọ láti ẹ̀yìn ọ̀fun bí ìgbà tí wọ́n ṣí àpótí tí eku ti bímọ sí. Àwọn kan wà tí wọn kì í gbọ́ ọ láéláé. Nítorí náà ni kì í fi í yẹ kí ẹnì kan ṣoṣo dájọ́ ọtí.

Ahọ́n tún lè ṣìnà. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, àrùn inú rírun kan ń da àwọn ará Devon láàmú, àwọn kan rọ lápá. Lọ́dún 1767, dókítà George Baker, tó jẹ́ ọmọ bíbí Devon, fi hàn pé òjé inú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún ápù ló ń yọ́ wọnú ọtí wọn. Òjé tó bá ti bá kíkan pọ̀ a máa dùn lẹ́nu. Àwọn tó mu ọtí náà kò gbọ́ májèlé nínú rẹ̀. Adùn ni wọ́n gbọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ oko kò sì lè yàn láti má mu ún, nítorí pé sáídà wà lára owó iṣẹ́ wọn. Ọdún 1887 ni òfin tó dá sísan owó iṣẹ́ oko pẹ̀lú ọtí dúró.

Ní Asturias, ní àríwá Spain, ọwọ́ náà wà nínú ìtọ́wò. Agbọ́tí á gbé ìgò sókè orí tí apá rẹ̀ fi nà tán, á sọ kọ́ọ̀bù fẹ̀ǹfẹ́ kọlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìdí rẹ̀, á sì jẹ́ kí ọtí já wálẹ̀ bí okùn tín-ínrín kó kọlu ẹ̀gbẹ́ kọ́ọ̀bù. Bó ṣe ń já yìí ló ń jí òórùn rẹ̀. Ìka méjì péré ni wọ́n ń bù, lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n sì ń mu ún, kí ìhó tó sùn. Èyí tó bá kù nídìí kọ́ọ̀bù, wọ́n á fi ṣan etí rẹ̀, wọ́n á dà á sílẹ̀, ẹlòmíràn á sì gba kọ́ọ̀bù náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, àjọ UNESCO kọ àṣà yìí sínú ìwé àwọn ogún ìran ènìyàn. Ní Carhampton ní Somerset, ọtí náà ń kan ilẹ̀, ṣùgbọ́n níbẹ̀ igi ni wọ́n ń bù ú fún. Lálẹ́ ọjọ́ 17 oṣù Kìíní, wọ́n á yí igi ápù tó dàgbà jù ká, wọ́n á da sáídà sí gbòǹgbò rẹ̀, wọ́n á fi búrẹ́dì tí wọ́n rẹ sínú sáídà kọ́ sí ẹ̀ka rẹ̀, wọ́n á yìnbọn sókè, wọ́n á sì wúre kí ó so dáadáa lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí kò nílò ju ápù mẹ́ta lọ. Kó ra Granny Smith kan, Gala kan, àti Golden Delicious kan tí èèpo rẹ̀ ti kúrò ní àwọ̀ ewé, tó ti pọ́n bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kó jẹ́ kí wọ́n sùn sórí tábìlì mọ́jú. Láàárọ̀, kó gé wọn sí wẹ́wẹ́, kó pe ẹni méjì mìíràn jókòó, kí oníkálukú kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀ kó tó gbọ́ ti ẹnìkejì: ìró àkọ́kọ́, irú kíkan tó jẹ́, ohun tí èèpo ń ṣe sí ahọ́n, àti òórùn tó yọ nígbà tó tú imú sílẹ̀. Kí wọ́n fòfin de ọ̀rọ̀ náà «ó dùn» títí gbogbo àwo yóò fi ṣófo. Ìgbà tí wọ́n bá wá gbé ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni wọn yóò rí i pé ẹnì kan kọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí Golden Delicious, ẹnì kan kọ oyin, tí ẹnì kẹta sì fi àyè ibẹ̀ sílẹ̀ lófo, tó tún ń na ọwọ́ sí àwo láti mú ẹ̀là kan sí i.